Ife Funfun Ìyá Àgbà àti Ife Pupa Àwọn Aláàánú

Lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá ìyá tó bí ìyá mi, ní Ìjàná nínú Ọ̀tà, ìṣó kan wà tí kò sí ohunkóhun tó kọ́ sórí rẹ̀ mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ mọ irú ènìyàn tí Ìyá Àgbà jẹ́, kó má wulẹ̀ bi mí nípa ọdún tí wọ́n bí i tàbí iye ọmọ tó gbẹ̀yìn rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìṣó yẹn ni kó bi mí.

Láti ìgbà tí a ti sin ín ni mo ti ń gbọ́ oríṣiríṣi irọ́ dídùn nípa rẹ̀. Wọ́n ní ó ní sùúrù. Wọ́n ní ẹ̀rín kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ta ni wọ́n ń sọ? Ìyá Àgbà tí mo mọ̀, ìríra ló fi gbé ayé. Nǹkan tètè máa ń rí i lára, kì í sì í fi bò. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n rọra sọ ọ́, nítorí ìríra ju ìríra lọ.

Ife tánganran funfun ló máa ń wà lórí ìṣó yẹn. Òun nìkan ló ń fi mu omi. Àwa ọmọ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án, a kò tilẹ̀ gbọdọ̀ wò ó pẹ́ jù. Bí eṣinṣin bá bà lé e, Ìyá Àgbà á fi eérú fọ̀ ọ́, á fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, á da omi gbígbóná lé e lórí, á wá gbé e sínú oòrùn, á dúró tì í, á máa wo sánmà bí ẹni pé eṣinṣin yẹn ní ẹbí tó ń bọ̀ wá bẹ̀bẹ̀.

Èyí tó ní ṣáájú rẹ̀, Bàbá Àgbà ló bà á jẹ́. Bàbá ti ibi iṣẹ́ dé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, òùngbẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Ó nawọ́ gán ife náà, ó bu omi, ó mu ún tán, ó fọwọ́ nu irùngbọ̀n. Ìgbà tó máa yíjú padà, ìyàwó rẹ̀ ló dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá Àgbà kò pariwo. Ó wo ife, ó wo ọkọ rẹ̀, ó tún wo ife.

"Ẹ máa mú un lọ," ló wí. "Ó ti di tiyín."

"Nítorí omi lásán, Àdùkẹ́? Ṣebí ọkọ rẹ ni mí?"

"Ẹ̀yin ni mo fẹ́, Bàbá Sàlámì. N kò fẹ́ itọ́ yín."

Ẹ fi gbólóhùn yẹn sápò. A ó padà wá mú un.

Aránṣọ ni Ìyá Àgbà. Aṣọ ilé ìwé ló ń rán jù, ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ sì kọjú sí títì, bẹ́ẹ̀ ló ṣe jẹ́ pé kò sí ẹ̀gbin tó ń kọjá ní àdúgbò tí kì í rí. Awakọ̀ tírélà tó ń tọ̀ sí ara táyà ọkọ̀ rẹ̀: "Ṣíọ̀!" Ẹni tó ń tọ́ búrẹ́dì wò lẹ́yìn tó ti fi ìka yẹn gbẹ́ imú: "Ṣíọ̀!" Omi dúdú tó ń ti ilé iṣẹ́ ṣàn bọ̀ nínú gọ́tà: "Ṣíọ̀, ẹ ti pa ilẹ̀ yìí!" Àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ kò ní ìsinmi. Ọmọ iṣẹ́ tí èékánná rẹ̀ bá dúdú, Ìyá Àgbà á bú u títí á fi fẹ́ sunkún. Ó ṣẹlẹ̀ lójú mi nígbà kan, mo sì ti dàgbà tó ẹni tó lè dá a lóhùn. Mo ní, "Ìyá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní kí àwọn èèyàn má fi ọmọ ṣe yẹ̀yẹ́, kí wá ni ẹ ń ṣe yìí?"

Ó na ọṣẹ sí ọmọ iṣẹ́ náà, ó ní kó lọ fọ ọwọ́, ó wá kọjú sí mi. "Àkànní, ẹ̀gbin ṣeé fọ̀. Ara kò ṣeé pààrọ̀."

Ìyá oníbàárà kan gbé ọmọkùnrin rẹ̀ wá kí wọ́n wọ̀n ọ́n fún aṣọ ilé ìwé tuntun. Ọmọ náà ń kólòlò. Ìyá Àgbà bi í ní orúkọ rẹ̀, ọmọ ń gbìyànjú, ọ̀rọ̀ há sí i lẹ́nu, àwọn ọmọ tó wà níta sì bẹ̀rẹ̀ sí í sín in jẹ: "Mo-mo-mo-mo!" Ẹ̀rín pa ìyá ọmọ náà, ó rín in débi tó fi di ògiri mú. Ìyá Àgbà ká okùn ìwọnṣọ rẹ̀, ó fi sápò.

"Ẹ gbé aṣọ yín, ẹ máa lọ."

"Ẹ̀hẹn? Ìyá Aránṣọ, kí ni mo ṣe? Eré ọmọdé ni!"

"Ọmọdé ló ń ṣeré. Ìwọ ńkọ́, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já ọ lẹ́nu ọmú ni?"

"Owó yín ni mo fẹ́ san o, kì í ṣe pé mo wá tọrọ."

"Gbé e lọ. Bí mo bá rán aṣọ fún ẹni tó ń fi ọmọ ara rẹ̀ rẹ́rìn-ín, abẹ́rẹ́ mi á dógùn-ún."

Ọrùn aṣọ ló gbé e dé inú ọ̀rọ̀ ilé ìwé. Àwọn ọmọ máa ń gbé aṣọ tó ya wá kó bá wọn rán an. Ó wá ṣàkíyèsí pé àwọn ọmọ kan náà ló ń padà wá, ọrùn ni ó sì máa ń ya: akólòlò ọjọ́sí, ọmọ Ègùn kan tí kò tíì gbọ́ Yorùbá dáadáa, ọmọbìnrin tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú ju èkejì lọ.

"Kí ló ya á?"

"Mo ṣubú ni, Mà."

"O tún ṣubú?"

"Ilẹ̀ ló ń yọ̀, Mà."

Ìyá Àgbà ń ti abẹ́rẹ́ bọ aṣọ, kò gbé ojú sókè. "Ilẹ̀ kò ní ọwọ́ tó máa fi fa ènìyàn lọ́rùn aṣọ."

Láti ọ̀sẹ̀ yẹn ló ti ń gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ lọ sí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó wà lẹ́yìn ilé wa ní àkókò ìsinmi, á jókòó sábẹ́ igi fúrúùtù, á máa yọ òwú lára aṣọ, á sì máa wo àwọn ọmọ. Ẹnikẹ́ni kò gbà á síṣẹ́. Nígbà tó yá, àwọn mìíràn ní àdúgbò dara pọ̀. Àwọn kan láti mọ́ṣáláṣí, àwọn kan láti ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn onílé àti àwọn ayálégbé. Wọ́n sọ ara wọn ní Ẹgbẹ́ Ọmọ Gbogbo Wa. Wọ́n ní ọmọ kankan kò gbọdọ̀ dá jẹun, wọn kò gbọdọ̀ na ọmọ kankan lẹ́yìn ilé ìgbọ̀nsẹ̀, wọn kò sì gbọdọ̀ pe ọmọ kankan ní orúkọ tí ìyá rẹ̀ kò sọ ọ́. N kò ní purọ́ mọ́ wọn, iṣẹ́ rere ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Wọ́n bá àwọn ọmọ tó ń fìyà jẹni sọ̀rọ̀ láìlo pankẹ́rẹ́. Wọ́n parí ìjà. Ọrùn aṣọ tó ń ya dín kù, Ìyá Àgbà sì fẹ́ràn wọn, níwọ̀n bí òun náà ṣe lè fẹ́ràn ènìyàn mọ.

Àfi ìgbà tí wọ́n yan Mádáàmù Alága.

Obìnrin yìí ń ta sìmẹ́ǹtì, ó lówó, ó sì lawọ́. Ṣùgbọ́n bó bá fún ọmọ ní bisikíìtì, ọmọ náà kò ní jẹ ẹ́ títí wọ́n á fi ya fọ́tò. Ìyá Àgbà ní òun ti rí ọmọ kan tí bisikíìtì yọ́ sí lọ́wọ́, tó ṣì ń rẹ́rìn-ín fún fóònù. Ó padà dé ilé lọ́jọ́ náà, kò jẹun. Ó ní, "Ìtọrẹ tó bá ń dúró de fọ́tò, ebi ló ń pa ẹni tó ń ṣe é."

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí n mú Tọ́pẹ́ wọlé.

Èkìtì ni àwọn òbí rẹ̀ ti wá. Bàbá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń yọ́ irin ní Sango, ọkùnrin jẹ́jẹ́ tí iná ti jó apá rẹ̀ lóríṣiríṣi ibi. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni Tọ́pẹ́ nígbà yẹn, ó já fáfá, ó lẹ́nu. Àárọ̀ ọjọ́ kan ni wárápá gbé e lulẹ̀ lórí ìlà, níbi tí wọ́n ti ń kọrin àárọ̀. Ó gbọ̀n, ẹnu rẹ̀ hó, ó sì dákẹ́. Àwọn ọmọ fọ́n ká. Tíṣà náà sá. Ìyá Àgbà kò sí níbẹ̀, wọ́n ròyìn fún un ni.

Gbogbo ayé ló mọ ohun tí àwọn èèyàn wa máa ń sọ: pé itọ́ ni wárápá ń bá ràn, pé ẹni tó bá bá oní-wárápá fi ife kan mumi ti gbé e. Ní ilé ìwé yẹn, dúrọ́ọ̀mù omi kan ló wà lẹ́nu ọ̀nà, ife kan tí wọ́n fi okùn so mọ́ ọn ni gbogbo ọmọ fi ń mu. Láti ọjọ́ yẹn, bí Tọ́pẹ́ bá ti sún mọ́ dúrọ́ọ̀mù, ẹnì kan á ké: "Ẹ sá o, itọ́ ń bọ̀!" Bó bá yán, wọ́n á sá. Bó bá sín, wọ́n á sá. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń bá a jókòó kó ìwé rẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀ kíláàsì. Àwọn òbí wá fẹjọ́ sun ọ̀gá ilé ìwé. Nọ́ọ̀sì kan nínú ẹgbẹ́ wá ṣàlàyé fún wọn pé kì í ràn rárá, pé oògùn wà nílé ìwòsàn, pé ọmọ náà ti ń lò ó. Gbogbo wọn gbọ́, wọ́n mi orí, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì. Kò sì sí ẹni tó fi ife yẹn mu omi.

Bàbá Tọ́pẹ́ wá bá Ìyá Àgbà. Èmi ni mo gbé àga fún un.

"Ìyá, mo fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti gba ìsinmi ìparí ọdún yìí, màá mú un lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ní Ìgbẹ́sà, kó lọ máa bá a ṣe oko."

"Ṣé ilé ìwé wà lóko náà ni?"

"Kò sí, Mà. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó máa sá fún un. Ẹ̀gẹ́ kì í sá."

Ìyá Àgbà gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ rẹ̀ dákẹ́. Ó ní, "Bá mi dá ẹsẹ̀ dúró di ọjọ́ ìparí. Bí ènìyàn bá sá fún ọmọ rẹ, ènìyàn ló yẹ kó dá a padà, kì í ṣe ẹ̀gẹ́."

Ẹ wá gbọ́ ohun tí ẹgbẹ́ ṣe. Wọ́n pe ìpàdé, wọ́n ronú, àánú ọmọ ṣe wọ́n, wọ́n sì dá owó. Ohun tí wọ́n rà ni ife kan, pupa rokoroko, tí wọ́n kọ orúkọ Tọ́pẹ́ sí lára. Tirẹ̀ nìkan. Kí ọmọ má ba à máa jìyà òùngbẹ, kí ọkàn àwọn òbí yòókù sì lè balẹ̀. Wọ́n tún ra àga kékeré kan, òun náà pupa, wọ́n gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn. Wọ́n kó gbogbo ilé ìwé jọ, Mádáàmù Alága gbé ife lé Tọ́pẹ́ lọ́wọ́, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ìyá Àgbà gbé ọwọ́ méjèèjì sórí itan.

"Ìyá Aránṣọ, ẹ ò bá wa pàtẹ́wọ́?"

"Ọwọ́ ń dùn mí."

"Ẹ bá wa yọ̀ o jàre. Ẹ wò ó bí ojú ọmọ ṣe dán. A fẹ́ràn rẹ̀, a fún un ní tirẹ̀."

"Mo rí i. Ajá tí wọ́n fẹ́ràn nínú ilé náà ní abọ́ tirẹ̀."

Kí ilẹ̀ ọjọ́ yẹn tó ṣú, Tọ́pẹ́ ti di "Onífe-pupa." Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, àwọn olórí kíláàsì ti sọ ife náà di ìjìyà. Ẹni tó bá pariwo: "Màá fi ife pupa fún ọ lómi!" Ọmọ tí wọ́n bá sì dá ẹjọ́ rẹ̀, wọ́n á dì í mú, á máa ké bí ẹni tí wọ́n fẹ́ pa. Ìyá Àgbà gbọ́ ọ lẹ́nu tíṣà pẹ̀lú etí ara rẹ̀, tíṣà tó ń gba owó oṣù: "Ẹ dákẹ́ o, kí n má gbé ife pupa wá o." Tọ́pẹ́ wà níbẹ̀, ó jókòó lórí àga pupa, ó tẹjú mọ́ bàtà rẹ̀. Ìyá Àgbà délé, ó lọ sẹ́yìnkùlé, ó bì. Ìyá mi rò pé oúnjẹ ló bá a jà. Ó ní, "Kì í ṣe oúnjẹ. Aláàánú ni mo jẹ."

Ó ku àṣà kan tí mo gbọdọ̀ sọ kí n tó dé ọjọ́ ìparí. Nínú ilé wa, ẹni tó bá bu omi fún àlejò gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mu níbẹ̀ lójú àlejò, kó tó kúnlẹ̀ gbé e fún un. Ti àtijọ́ ni. Kí àlejò lè mọ̀ pé kò sí nǹkan nínú rẹ̀ ni. Àlejò náà kò sì gbọdọ̀ kọ̀ ọ́. Bó bá kọ̀ ọ́, ó ti pe onílé ní apànìyàn. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo máa ń tẹ̀ lé Ìyá Àgbà lọ kí àwọn ẹbí ní Alápòtí, mo sì máa ń ṣọ́ ọ bí wọ́n bá gbé omi àtọ́wò fún un. Á di ojú rẹ̀ pa, á gbé e mì. Mo bi í lọ́nà pé ṣé itọ́ tí wọ́n fi sílẹ̀ nínú rẹ̀ kò rí i lára ni. Ó ní, "Itọ́ ẹni tó fún mi lómi kì í ṣe itọ́ mọ́. Ẹ̀rí ni."

Ọjọ́ ìparí pé. Wọ́n ta àtíbàbà, wọ́n to àga sí iwájú fún àwọn àlejò pàtàkì: Mádáàmù Alága, alága àwọn onílé, ọ̀gá ilé ìwé. Bàbá Tọ́pẹ́ dúró lẹ́yìn pátápátá, ó wọ aṣọ iṣẹ́, ó ti di ẹrù ọmọ rẹ̀ sí inú àpò ìrẹsì kan. Ilé ìwé ni wọ́n á ti kọjá sí Ìgbẹ́sà. Èmi ni mo mú Ìyá Àgbà wá. Ó di nǹkan kan sínú gèlè àtijọ́, n kò bi í.

Bí wọ́n ṣe kí àwọn àlejò tán, Ìyá Àgbà pe Tọ́pẹ́ sẹ́yìn igi, ó tú gèlè náà. Ife funfun ni. Mo ya ẹnu. Ó gbé e lé ọmọ lọ́wọ́ bí ẹni gbé ọmọ tuntun, ó sì bá a sọ̀rọ̀ ní jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Tọ́pẹ́ lọ sí ìdí dúrọ́ọ̀mù, ó bu omi. Ó wá síwájú, ó mu níbẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn, ó kúnlẹ̀ níwájú Mádáàmù Alága.

"Ẹ gba omi, Mà. Ẹ káàbọ̀."

"Háà, ọmọ dáadáa! Ọlọ́run á bùkún ọ." Obìnrin náà fà sẹ́yìn nínú àga. "Ààwẹ̀ ni mo wà lónìí, dárí jì mí."

Èérún míìtì-páì wà lẹ́nu rẹ̀.

Tọ́pẹ́ fi orúnkún wọ́ lọ sọ́dọ̀ alága àwọn onílé. "Ẹ gba omi, Sà."

"Dókítà ní kí n má mu omi tútù, ọmọ mi. Ẹsẹ̀ ń dùn mí."

Ọ̀gá ilé ìwé ti ń wá nǹkan kan nínú báàgì rẹ̀, orí rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ inú báàgì náà tán. Láti ẹ̀yìn, ohùn ọmọdé kan: "Itọ́ ń bọ̀ o." Ẹ̀rín sọ. Àwọn àgbàlagbà kan wà nínú àwọn tó rẹ́rìn-ín, mo rí wọn, mo mọ ilé wọn. Bàbá Tọ́pẹ́ gbé àpò ìrẹsì náà lé èjìká, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀ wá fa ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́.

Ìyá Àgbà dìde. Kò yára. Ó dé iwájú ọmọ náà, ó nawọ́.

"Fún mi, ọmọ mi. Èmi náà, àlejò ni mí níbí."

Ó gba ife. Ìyá Àgbà tí kò bá ọkọ rẹ̀ pín itọ́. Ó gbé e sẹ́nu, ó mu ún láìsinmi, títí ó fi kan ìsàlẹ̀. Mo sì ń ṣọ́ ojú rẹ̀ o, bí mo ṣe máa ń ṣọ́ ọ ní Alápòtí. Kò dì í. Gbogbo bó ṣe ń mu ún, àwọn tó wà lórí àga iwájú ló ń wò. Ó da ife náà dojú dé, ká rí i pé ó gbẹ.

"Ìwà yín ń rí mi lára," ló wí. "Omi ọmọ yìí ni mo fi ṣan ẹnu."

Ẹ má retí pé mo máa sọ fún yín pé àwọn èèyàn sunkún, pé wọ́n tò láti wá mu omi. Kò sẹ́ni tó wá. Wọ́n wo ilẹ̀. Ẹnì kan wúkọ́. Ṣùgbọ́n Bàbá Tọ́pẹ́ dúró sáàárín ọ̀nà, ó sọ àpò ìrẹsì náà kalẹ̀, ó sì jókòó lé e lórí. Nígbà tí ilé ìwé wọlé padà lẹ́yìn ìsinmi, Tọ́pẹ́ wọlé. Ìyá Àgbà ti dé ibẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Ó já ife àtijọ́ kúrò lára dúrọ́ọ̀mù, ó so ife funfun mọ́ ọn, ó ju ife pupa sínú pàǹtírí, ó sì jókòó ti dúrọ́ọ̀mù náà. Ọmọ tó bá fẹ́ mu omi, ibẹ̀ ló máa mu. Ọmọ tí kò bá fẹ́, oòrùn Ọ̀tà á bá a sọ̀rọ̀. Díẹ̀díẹ̀, òùngbẹ kọ́ wọn lọ́gbọ́n. Ìdí tí ìṣó yẹn fi ṣófo nìyẹn.

Ohun kan wà tí àwọn tó ń yìn ín kò mọ̀. Bí a ṣe ń bọ̀ wálé lọ́jọ́ ìparí yẹn, ó di apá mi mú, ó sì wúwo ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

"Ẹ̀rù bà mí, Àkànní."

"Ẹ̀rù kí ni? Ṣebí nọ́ọ̀sì ní kì í ràn?"

"Mo gbọ́. Etí mi gbà á, ikùn mi kò tíì gbà á. Láti kékeré ni wọ́n ti sọ ọ́ fún mi."

Ó pẹ́ lẹ́yìn náà tó máa ń na ọwọ́ síwájú ní àràárọ̀, tó ń wò ó bóyá ó ń gbọ̀n. Mo bi í lọ́nà lọ́jọ́ náà pé kí ló wá dé tó fi mu ún bí ẹ̀rù bá bà á. Ó tutọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì.

"Ohun tó ń rí mi lára lára wọn ju ohun tó ń bà mí lẹ́rù lára ọmọ yẹn lọ."

Ìyá Àgbà kú lọ́dún tó kọjá, lẹ́yìn ìrun àsárì, orí àga ìránṣọ rẹ̀. A sin ín kí ilẹ̀ tó ṣú. Ọjọ́ fídáù ni àwọn ẹgbẹ́ dé. Mo wò wọ́n láti ojú fèrèsé. Wọ́n ti ya àwòrán Ìyá Àgbà sára tíṣẹ́ẹ̀tì, ojú rẹ̀ ń gbọ̀n lórí ikùn ẹni tó ń rìn. Wọ́n ta bánà sí ara ògiri wa láìtọrọ àyè. Lẹ́yìn àdúrà, Mádáàmù Alága gba ẹ̀rọ agbóhùnsókè lọ́wọ́ Ààfáà.

"Èmi àti Ìyá la jọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí. Ẹ̀yin èèyàn, ẹ rántí ọjọ́ tí wọ́n ń sá fún ọmọ kan nítorí àìsàn. Kí la ṣe? A ò sá! A gba omi lọ́wọ́ ọmọ yẹn, a mu ún!"

A. Ó ní "a." Mo wo ẹnu tó sọ ọ́, mo sì rántí èérún míìtì-páì. Àwọn èèyàn ń pàtẹ́wọ́, fóònù wà lókè. Mo fẹ́ dìde, n kò sì mọ ohun tí mo fẹ́ sọ tí kò ní di ìjà níbi òkú.

Tọ́pẹ́ ló ti ilé ìdáná jáde. Ó ti wọ ilé ẹ̀kọ́ girama báyìí, ó ga ju ìyá rẹ̀ lọ, aṣọ ilé ìwé tí Ìyá Àgbà rán fún un kẹ́yìn ló wà lọ́rùn rẹ̀. Láti àárọ̀ ló ti ń bá wa fọ abọ́. Ife funfun wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti lọ tọrọ rẹ̀ nílé ìwé àtijọ́, ó ní ó yẹ kó wà nílé lọ́jọ́ náà. Ó gba àárín èrò kọjá, ó dúró níwájú Alága, ó mu níbẹ̀, ó kúnlẹ̀.

"Ẹ gba omi, Mọ́mì. Ẹ ti sọ̀rọ̀ púpọ̀."

Ẹ̀rọ agbóhùnsókè ṣì wà lẹ́nu obìnrin náà, gbogbo wa la gbọ́ bó ṣe mí. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ààwẹ̀ kò sí níbi tí wọ́n ti ń pín jọ̀lọ́ọ̀fù. Fóònù wà lókè.

"Ẹ gbà á, Mádáàmù," Ààfáà wí. "Ṣebí ẹ ti mu tirẹ̀ rí."

Ó gbà á. Ó di ojú rẹ̀ pinpin, ó gbé e mì bí ẹni mu àgbo jẹ̀dí, gbogbo ojú rẹ̀ sì pa dà bí aṣọ tí wọ́n fún. Tọ́pẹ́ kò tíì dìde.

"Ẹ la ojú yín, Mà," ló wí, jẹ́jẹ́. "Omi lásán ni."

Ó fi ọwọ́ méjèèjì gba ife náà bí ọmọ tó gba ẹ̀kọ́ ilé, ó dìde, ó sì padà sẹ́yìn. Mo tẹ̀ lé e. Mo bá a lẹ́yìnkùlé, níbi tó ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó ti fi eérú fọ ife yẹn, ó ń fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, omi gbígbóná sì ń hó lórí iná lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Kí ló dé, Tọ́pẹ́?" mo bi í.

Kò gbé ojú sókè.

"Eṣinṣin ló bà lé e, Bọ̀dá."